Fíìmù àti Pósítà Kò Lè Dá Ọmọ Kọ́: Ọ̀rọ̀ fún Òbí Tí Ó Fẹ́ Kí Ọmọ Rẹ̀ Gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, kò sí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá tí ń ta tòmátì ní ọjà Odò-Ògbè fẹ́ ẹ, mẹkáníìkì tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágere fẹ́ ẹ, ọ̀gá tí ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì fẹ́ ẹ pẹ̀lú. A kò sì lè bá wọn wí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò WAEC àti ti JAMB, òun ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìgbaniṣíṣẹ́, òun náà ni ọmọ yóò bá pàdé bí ó bá dé Kánò tàbí Calabar.

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ òbí ṣe ń ra ohun tí wọ́n rò pé yóò mú ọ̀rọ̀ náà yá. Wọ́n ra pósítà A-B-C aláwọ̀ mèremère, wọ́n kàn án mọ́ ògiri pálọ̀. Wọ́n wá fíìmù kátúùnù, wọ́n gbé ọmọ síwájú tẹlifíṣọ̀n tàbí kí wọ́n fi fóònù lé e lọ́wọ́, ìyá bọ́ sí ilé ìdáná, bàbá bọ́ síbi iṣẹ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá nínú ilé mọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọmọ lè kọ orin inú kátúùnù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n bí àlejò bá bi í pé, "What is your father doing?", yóò dákẹ́. Bí ìyá-àgbà bá sì fi Yorùbá bi í ní ìbéèrè kan náà, yóò tún dákẹ́. Èdè méjì ni ó ń gbọ́ fìrìfìrì, kò sí èyí tí ó lè fi ro ẹjọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ bá yín sọ lórí èyí. Fíìmù dára, pósítà dára, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń kọ́ ènìyàn ní èdè. Irin-iṣẹ́ ni àwọn nǹkan wọ̀nyí jẹ́. Ọkọ́ kì í dá roko.

OHUN TÍ ILÉ-IFẸ̀ TI FI HÀN WÁ

Kí a tó dé orí fíìmù àti pósítà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òfin "má sọ Yorùbá" tí ọ̀pọ̀ ilé ti ṣe, nítorí ìlú wa níbí ni a ti dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "B" ní Mọdákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko. A kò gba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ wọn o. Wọ́n ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, olùkọ́ tí ó mọ bí a ti ń kọ́ ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì ni a sì yàn fún un. Àwọn kejì ń lọ ní ìlànà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó yí gbogbo rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tí ó ń rò bí ọ̀pọ̀ wa ti ń rò yóò sọ pé àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì wọn pọ̀ ni yóò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ẹ̀kọ́ wọn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1989, Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọmọ tí ó ti mọ ohun tí "òjìji" jẹ́ ní Yorùbá, tí ó mọ ìdí tí ó fi ń gùn tí ó sì ń kúrú, orúkọ tuntun nìkan ni ó kù tí yóò kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí kò mọ ọ̀kan nínú méjèèjì, ó ní láti kọ́ ohun náà àti orúkọ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹrù náà wúwo fún ọmọdé.

Ìjọba náà ti lọ, ó sì ti bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní ọdún 1977 fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti wọ́gi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ẹ̀yin ará, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ Yorùbá, ta ni ó kù tí yóò fún ọmọ ní ìpìlẹ̀? Ilé ni. Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

ÀWÒRÁN TI Ń KỌ́NI NÍ ÈDÈ TIPẸ́

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí àwòrán. Àwọn kan rò pé kíkọ́ èdè pẹ̀lú àwòrán jẹ́ àṣà àwọn ilé-ìwé olówó gọbọi ìsinsìnyí. Rárá o. Ní ọdún 1658, ní ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì, Comenius tẹ ìwé kan jáde fún àwọn ọmọdé tí ń kọ́ èdè Látìn. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni ọkùnrin yìí, bíṣọ́ọ̀bù sì ni nínú ìjọ rẹ̀. Nínú ìwé náà, àwòrán wà lókè, wọ́n fi nọ́ńbà sí ara ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà kan náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀, ní Látìn àti ní èdè tí ọmọ ń sọ nílé. Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì. Ọmọ kò kàn ń wo àwòrán, ó ń fi ìka wá nọ́ńbà láti inú ọ̀rọ̀ lọ sínú àwòrán. Wọn kò sì ti èdè ilé rẹ̀ síta kí wọ́n tó mú tuntun wọlé.

Àwa tí a ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi náà mọ irú èyí. Ta ni nínú wa tí kò tíì rí aṣọ fulánẹ́ẹ̀lì tí a ta mọ́ pátákó, tí a sì ń lẹ àwòrán Dáfídì àti Gòláyátì mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìtàn ti ń lọ? Àwọn ọmọ kì í gbàgbé ìtàn náà, pàápàá ọmọ tí tíṣà bá pè jáde pé kí ó wá lẹ òkúta náà mọ́ iwájú orí Gòláyátì. Ọgbọ́n kan náà ni a ó fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

OHUN TÍ FÍÌMÙ LÈ ṢE ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Fíìmù ní ohun tí pósítà kò ní: ohùn àti ìṣípòpadà. Èyí ṣe pàtàkì fún ọmọ Yorùbá. Kò sí "v" àti "z" nínú èdè wa, nítorí náà ni ọmọ ṣe ń pe "van" bí "fan", tí ó sì ń pe "zip" bí "sip". Àwa ń lo ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ láti fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Apá kan ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ. Ọmọ kò lè rí èyí lójú ìwé, etí ni a fi ń mú un. Ohun mìíràn ni pé "ó" kan ṣoṣo ni a ní fún ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ní "he", "she" àti "it". Bí ọmọ bá ń wo fíìmù, tí ó rí ìyá tí ń sáré, tí ó sì ń gbọ́ "she is running", ohùn àti ìtumọ̀ yóò wọlé pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù rẹ̀. Ní ọdún 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington, ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú àwọn ọmọ-ọwọ́ tí wọ́n tó nǹkan bí oṣù 9, tí wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé. Àwọn kan nínú wọn jókòó ní ẹ̀ẹ̀mejìlá pẹ̀lú ẹni tí ń sọ èdè Ṣáínà, tí ń bá wọn ṣeré, tí ń kàwé fún wọn. Àwọn mìíràn rí irú nǹkan kan náà nínú fídíò, àwọn kan sì gbọ́ ohùn nìkan. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí ó bá ènìyàn jókòó dá ohùn èdè Ṣáínà mọ̀. Àwọn tí ó wo fídíò kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn níbẹ̀ tí yóò wo ojú ọmọ, tí yóò sì dúró gba èsì.

Òtítọ́ ni pé ọmọ ọdún 4 tàbí 5 lè mú ọ̀rọ̀ nínú fíìmù ju ọmọ-ọwọ́ lọ. Síbẹ̀, fíìmù kò lè bi í ní ìbéèrè kí ó sì gbọ́ ohun tí ó sọ. Kò lè mọ̀ pé ó ṣì í pè. Ẹni tí ó jókòó tì í ni ó lè ṣe èyí.

IRÚ FÍÌMÙ WO?

Kì í ṣe gbogbo kátúùnù ni ó yẹ. Èyí tí wọ́n ti ń lu ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju igbe lọ, kò lè kọ́ ọmọ ní gbólóhùn kan tí ó pé. Ẹ wá èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yá jù, tí ọmọ sì mọ irú ayé tí ó wà nínú rẹ̀. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ "Sesame Street" ní ọdún 1969 láti fi tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Nígbà tí wọ́n ṣe ti Nàìjíríà tí wọ́n pè ní "Sesame Square", tí NTA sì fi hàn, wọn kò gbé ti Amẹ́ríkà wá lásán. Zobi inú rẹ̀ ń wa takisí, iṣu ni ó sì fẹ́ràn. Adamu Waziri náà ṣe "Bino and Fino" ní Àbújá, ìtàn ọmọkùnrin kan àti arábìnrin rẹ̀ tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú bàbá-àgbà àti ìyá-àgbà wọn. Ó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà ní Yorùbá. Òbí tí ó bá lè rí méjèèjì, kí ó kọ́kọ́ fi ti Yorùbá han ọmọ, kí ó tó fi ti Gẹ̀ẹ́sì hàn án. Ọmọ tí ó ti mọ ìtàn tẹ́lẹ̀ yóò máa fi etí wá ọ̀rọ̀, kò ní sọnù.

Ohun rere mìíràn wà nítòsí wa. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni Mike Bamiloye, tí ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ti dá ẹgbẹ́ eré Mount Zion sílẹ̀ ní ọdún 1985. Fíìmù wọn pọ̀ ní Yorùbá, tí a kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wa ń wò wọ́n fún ẹ̀kọ́ ọkàn, a kì í rántí pé ìwé kíkà wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí ó ti lè kàwé, bí ọdún 8 sókè, lè kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ dá fíìmù dúró díẹ̀, kí ẹ ní kí ó ka ìlà kan, kí ẹ sì bi í bóyá ohun tí wọ́n kọ bá ohun tí òṣèré sọ mu. Nígbà mìíràn kò ní bá a mu tán, àríyànjiyàn tí yóò sì ti ibẹ̀ jáde nínú ilé jẹ́ ẹ̀kọ́ gidi. Ní ilẹ̀ Íńdíà, Brij Kothari gbé ìmọ̀ràn kan kalẹ̀ ní ọdún 1996 pé kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ orin tí àwọn ènìyàn ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní èdè orin náà gan-an. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀, ó sì ran àwọn tí kò mọ̀wé kà dáadáa lọ́wọ́. Bí fíìmù Gẹ̀ẹ́sì bá ní Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀, ojú ọmọ yóò máa tẹ̀lé etí rẹ̀.

PÓSÍTÀ TÍ ỌMỌ LÈ FỌWỌ́ KÀN

Pósítà tí a kàn mọ́ ògiri tí kò sí ẹni tí ń bá a ṣe nǹkan kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ọmọ kò rí i mọ́. Ó ti di ara ògiri. Èyí tí ń kọ́ni ni èyí tí ọmọ lè yí padà. A lè ṣe é nílé láìná owó púpọ̀:

1. Ẹ tọrọ páálí ńlá ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ya ọjà sí i, tàbí ilé tí ó ní yàrá, ilé ìdáná, igi kan àti kànga kan. Kò pọn dandan kí ó dára bí ti ayàwòrán.

2. Ẹ gé àwòrán ènìyàn, ewúrẹ́, agbọ̀n, tòmátì, bọ́ọ̀lù àti bàtà láti inú kàlẹ́ńdà àti ìwé ìròyìn àtijọ́, kí ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí kékeré kí wọ́n lè le.

3. Ẹ lẹ àpò kéékèèké mọ́ ara pósítà níbi tí a lè ki àwòrán bọ̀. Bí ẹ bá ní aṣọ fulánẹ́ẹ̀lì, ẹ ta á mọ́ pátákó, kí ẹ lẹ sáńpépà mọ́ ẹ̀yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan. Yóò di aṣọ mú.

4. Ẹ kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan sí orí páálí tẹ́ẹ́rẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ní ojú kan, Yorùbá ní ojú kejì.

Eré lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. "Where is the goat?" Ọmọ yóò wò ó. "Under the table." "Put the goat behind the tree." Yóò gbé e. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ọmọ di tíṣà, kí ó máa pàṣẹ fún ìyá tàbí bàbá. Bí bàbá bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé ewúrẹ́ sí orí òrùlé, ẹ̀rín yóò pa gbogbo ilé, ọmọ yóò sì pariwo pé, "No! Not on the roof!" Ẹ wò ó, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni ó jáde lẹ́nu rẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tí ó há a fún un. Ọ̀rọ̀ ni ó fẹ́ sọ, ó sì sọ ọ́. Níbẹ̀ ni èdè ti ń wọra.

BÍ A Ó TI PA FÍÌMÙ ÀTI PÓSÍTÀ PỌ̀

Ọ̀nà tí a rí i pé ó rọrùn jù fún ìdílé tí ọwọ́ rẹ̀ dí nìyí:

Kí a tó tan fíìmù, ẹ fi Yorùbá sọ ohun tí ìtàn náà dá lé, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tàbí mẹ́rin han ọmọ lára pósítà. Kí ó máà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí fíìmù ti ń lọ, ẹ jókòó tì í. Ìṣẹ́jú 10 tí a jọ wò sàn ju wákàtí méjì tí ó dá wò. Ẹ dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ bi í pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pa á, kí ọmọ fi àwòrán ara pósítà tún ìtàn náà sọ. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì ti bọ́ sínú Yorùbá, ẹ má ṣe gbá a lẹ́nu. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ tí ó sọnù, kí ó máa bá a lọ.

Lọ́la, ẹ tún fi fíìmù kan náà hàn án. Ọmọdé kì í sú àwítúnwí, àgbà ni ó ń sú.

Bí iná kò bá sí, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́. Pósítà kò bèèrè iná, kò sì mu epo jẹnẹrétọ̀. Àtùpà kan tó.

Àwọn òbí kan yóò sọ pé, "Àwa kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, báwo ni a ó ti ṣe é?" Ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fíìmù sọ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ̀yin fi Yorùbá bèèrè: "Kí ni ó sọ? Kí ló dé tí ó fi ń sunkún?" Ọmọ tí ń ṣe ìtumọ̀ fún ìyá rẹ̀ ń kọ́ èdè méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì náà lè ràn yín lọ́wọ́.

ÌKÌLỌ̀ MẸ́TA

Èkíní, ẹ má ṣe fi tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ jókòó wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá, àti pé ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ wò ó ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, bí ó bá sì kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sàn.

Èkejì, ẹ má ṣe fi ìtìjú kọ́ ọmọ. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan, wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ "fanákúlà", ìyẹn èdè ìyá rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi pátákó kọ́ ọ lọ́rùn. Ọmọ tí a fi ẹ̀sín kọ́ yóò máa bẹ̀rù àtiṣì í sọ, ẹni tí ó bá sì ń bẹ̀rù àṣìsọ kò lè kọ́ èdè kankan.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe gba Yorùbá lẹ́nu ọmọ. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Ẹ̀mí Mímọ́ kò fi ipá mú kí gbogbo ènìyàn gbọ́ èdè kan, olúkúlùkù ni ó gbọ́ ní èdè tí a bí i sí. Èdè tí Ọlọ́run kò kẹ́gàn, àwa kò gbọdọ̀ kẹ́gàn rẹ̀ nínú ilé wa.

Ẹ̀yin ará, a máa ń rí owó ra fóònù, a sì máa ń rí owó san fún ilé-ìwé. Ohun tí ó ń wọ́n wa ni ìdajì wákàtí tí a ó bá ọmọ jókòó. Deutarónómì orí 6 ti fi hàn wá pé inú ilé àti lójú ọ̀nà, nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ni òbí ti ń kọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí ń bọ̀ yìí. Kí ìyá wá páálí, kí bàbá wá kàlẹ́ńdà àtijọ́, kí àwọn ọmọ wá sáásì tí kò mú jù. Bí ewúrẹ́ tí ẹ bá yà bá dà bí ajá, kò burú, àwọn ọmọ yóò rí ohun tí wọn yóò fi Gẹ̀ẹ́sì bá yín jiyàn lé lórí. Kí Olúwa fún wa ní sùúrù àti ọgbọ́n láti tọ́ wọn. Àmín.